Orí Kẹrin: Ìwádìí Ti Wà Nílẹ̀, Ẹ Mú Un Wọ Kíláàsì

Ìlú tí ẹsẹ̀ àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ dáadáa ni olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè wà. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ìgbèríko ní Ìbàràpá. Igbó-Ọrà tó múlé ti Ìdèrè ni wọ́n fi ṣe ibùdó, àjọ Rockefeller sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń wá gbé láàárín ará ìlú láti kọ́ṣẹ́. Ní 1968, Jane Guyer, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá, wá jókòó sí Ìdèrè láti wádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó padà wá ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó wo ohun tó ti yí padà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1997. Láàárín àwọn ọdún 1980, Joshua Adéníyì, William Brieger àti Jayashree Ramakrishna, láti ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní ARHEC ní Yunifásítì Ìbàdàn, wá sí Ìdèrè kan náà nítorí sòbìà. Wọ́n bá ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n dé àwọn abúlé oko, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Àwọn ìwé wọ̀nyí kò sọnù. Wọ́n wà ní yàrá ìkàwé ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní òkè òkun, fóònù ọwọ́ yín sì lè ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí wọ́n kọ ìwé nípa ìlú bàbá rẹ̀ àgbà ló jókòó síwájú yín yẹn. Orí yìí wà fún olùkọ́ tó fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, kó wá ṣiṣẹ́ fún ọmọ náà. Ìdèrè ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó wà ní Tápà, Ayétẹ́, Ìgàngàn, Èrúwà, Igbó-Ọrà tàbí Láǹlátẹ̀ yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ohun tí sòbìà fi kọ́ wa

Àgbàlagbà ará Ìbàràpá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé sòbìà fún òun. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ni mo ń ṣàlàyé fún. Ènìyàn á mu omi adágún tí kòkòrò tín-ín-tìn-ín wà nínú rẹ̀. Kòkòrò yìí ló ti gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tó mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, awọ ibẹ̀ á lé ròrò, á bẹ́, orí aràn funfun á sì yọ jáde. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Wọ́n á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú ẹran ara, wàhálà mìíràn nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń pa á lára ènìyàn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ títí di òní. Bí ẹni tó ń yọ sòbìà bá sì ki ẹsẹ̀ bọ adágún kí ara lè tù ú, aràn náà á tú ọmọ sínú omi, àwọn tó bá mu omi náà á sì máa jẹ ìyà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Sòbìà kì í sábà pa ènìyàn. Ó kàn ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tó ń yọ sòbìà kò lè kọ ebè. Ọmọ tó ń yọ sòbìà kò lè rìn dé ilé-ìwé, ọmọ tí ara rẹ̀ le sì lè jókòó sílé láti ṣe iṣẹ́ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Ní 1986, Ilegbodu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Kale ti Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí sòbìà mú pa ilé-ìwé jẹ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tí kò mú pa á jẹ ní ìdá 2.5 péré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 180 ni ilé-ìwé fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 45, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko. Ìdá 2.5 kò pé ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ tó pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú táàmù kan. Ìpín, ìdá, kíka gbólóhùn gígùn, gbogbo rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀.

Kí olùkọ́ tó ka ìwádìí yìí, ó lè máa pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ, ó lè nà án lọ́jọ́ tó bá yọjú, ó lè kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tó ti kà á á béèrè pé: omi wo lẹ ń mu nílé? Ìbéèrè kejì yìí ló lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹgba kò lè mú sòbìà kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ará Ìbàdàn bá pàdé ní Ìdèrè, ó sì kan olùkọ́ ju bó ṣe kan dókítà lọ. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé inú ara ẹni ni sòbìà ń gbé tẹ́lẹ̀, pé ó wà lára gbogbo ènìyàn bí iṣan ṣe wà, ó kàn ń jáde lára àwọn kan ni. Ẹ wá wo olùkọ́ tó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé inú omi ni sòbìà ti ń wá. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n gba máàkì. Wọ́n délé, ìyá àgbà ní irọ́ ni, ara ni sòbìà ti ń wá, wọ́n sì bu omi adágún mu. Olùkọ́ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kan ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nílé rárá. Ìwádìí tó bá ti sọ fún wa ohun tí àwọn òbí gbà gbọ́ ti fi ibi tí ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ hàn wá: ká kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nílé, ká kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí a tó wá bu omi adágún sínú ìgò funfun, ká gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ká da omi náà gba orí aṣọ asẹ́ sínú ìgò kejì, kí wọ́n tún wò ó. Ọmọ tó rí èyí á délé lọ sọ ọ́.

Aṣọ asẹ́ yìí ni wọ́n lò ní Ìdèrè. Àwọn télọ̀ ìlú ló rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láàárín ará ìlú ló sì ń tà á fún àwọn ènìyàn wọn. Ọ̀nà yìí gbọ́n, nítorí ọwọ́ ẹni tí ènìyàn mọ̀ ló ti ń rà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó dun gbogbo ẹni tó ń kọ́ni. Láti 1870 ni Alexei Fedchenko, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti rí i pé kòkòrò inú omi ló ń gbé sòbìà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni ìmọ̀ yẹn fi wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ Ìdèrè ṣì ń tiro. Nígbà tí wọ́n wá káàkiri Nàìjíríà láti ka àwọn tí sòbìà ń yọ, láàárín 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ìgbà tí wọ́n wá fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ ṣiṣẹ́ lóòótọ́ láti abúlé dé abúlé, pé kí wọ́n sẹ́ omi, kí ẹni tó ń yọ sòbìà má wọ odò, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n fi oògùn pa kòkòrò inú adágún, kò gbà ju nǹkan bí ogún ọdún lọ. Ẹni ìkẹyìn tó ní i ní Nàìjíríà jẹ́ ará ìpínlẹ̀ Enugu, ní 2008. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ́jístà

Kí ẹ tó wá ìwádìí kankan, ẹ ṣí rẹ́jístà táàmù tó kọjá. Ẹ mú ìwé ńlá kan, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ táàmù náà sókè, ẹ fi iye ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò wá sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ni ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kejì: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, títí dé Ẹtì. Ẹ fàmì sí ọjọ́ ọjà. Ẹ fàmì sí àkókò tí wọ́n ń kórè ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń wa gbágùúdá tàbí tí wọ́n ń bó o. Ẹ ya ọkùnrin sọ́tọ̀, ẹ ya obìnrin sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ti abúlé oko wá, ẹ kọ tiwọn lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan tàbí méjì nìyí, kò gba owó. Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ ó rí i pé ìbéèrè tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ti tóbi jù. “Kí ló dé tí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ìwé mọ́?” Kò sí ìwádìí tó lè dáhùn èyí, ìráhùn lásán ni. Ṣùgbọ́n “Kí ló dé tí àwọn ọmọbìnrin Prámárì 5 wa kì í wá ní ọjọ́ ọjà?” tàbí “Kí ló dé tí ìlàjì Prámárì 4 kò lè ka ìpínrọ̀ kan?”, èyí ní ìdáhùn. Ẹlòmíràn ti béèrè irú rẹ̀ níbòmíràn, ó sì ti kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ mú fún táàmù kan. Olùkọ́ tó mú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní yanjú ọ̀kan.

Ibi tí ẹ ó ti rí i

Ibi tó súnmọ́ yín jù ni yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Láǹlátẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba NCE a máa ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, Ìbàràpá gan-an ni púpọ̀ nínú wọn sì máa ń lọ wádìí. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni lóòótọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé e lé orí bí òfin, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ẹ mọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Kenneth Dike ni orúkọ yàrá ìkàwé àgbà yunifásítì. Bí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín kan bá ń ka ìwé ní àkókò ìsinmi láti gba digirí, òun ni kí ẹ rán. Bí àgùnbánirọ̀ bá wà ní ilé-ìwé yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Lórí fóònù, ibi mẹ́ta ni mo máa ń tọ́ka olùkọ́ sí: Google Scholar, PubMed fún ohun tó bá kan ìlera, àti African Journals Online fún àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ tẹ orúkọ ìlú láìfi àmì sí i: Idere, Igbo-Ora, Ibarapa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tì í: school, pupils, reading, water. Ẹ gbìyànjú “Idere guinea worm” kí ẹ rí ohun tó máa jáde. Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìwádìí kọ̀ọ̀kan kì í gba owó, ó sì tó láti mọ̀ bóyá ìwádìí náà wúlò fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó rí èyí tó kù, ẹ má san án. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì ẹni tó kọ ọ́, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ sọ pé olùkọ́ ni yín, ẹ sọ ilé-ìwé àti ìlú yín. Inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń dùn láti fi ránṣẹ́.

Dátà wọ́n. Kí ẹ kó owó jọ láàárín ara yín, kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Bí a ṣe ń kà á láìjẹ́ kó tàn wá

Ìwádìí kì í ṣe Bíbélì tàbí Àlùkùránì. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn wo ni wọ́n wò? Mélòó ni wọ́n? Ìlú wo ni? Ta ni wọ́n fi wọ́n wé? Ohun tó mú kí nọ́ńbà sòbìà yẹn ní ìtumọ̀ ni pé wọ́n gbé àwọn ọmọ tó ní i sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ tí kò ní i. Ká ní 25 yẹn nìkan ni wọ́n sọ, a kò ní mọ̀ bóyá gbogbo ọmọ ló ń pa ilé-ìwé jẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìwádìí kò rí pẹ̀lú. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Edward Miguel àti Michael Kremer wo ilé-ìwé 75 tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn inú. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 ni pé pípa ilé-ìwé jẹ dínkù tó ìdá kan nínú mẹ́rin, àǹfààní náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí kò lo oògùn. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni wọ́n ti sọ pé máàkì ìdánwò àwọn ọmọ náà kò gòkè. Nígbà tó di 2015, àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì bá àṣìṣe nínú apá kan rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì jiyàn lé e lórí gan-an. Olùkọ́ tó bá fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn, ó ṣe dáadáa. Èyí tó bá rò pé ìyẹn nìkan á mú wọn mọ ìṣirò kò ka ìwádìí náà tán.

Ẹ má ṣe gbé ìdáhùn ìṣòro kan lé òmíràn lórí. Aṣọ asẹ́ ṣẹ́gun sòbìà nítorí ẹnu ni sòbìà ń gbà wọlé. Àtọ̀sí ajá tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, inú omi lòun náà ti ń wá, ṣùgbọ́n awọ ara ló ń gbà wọlé nígbà tí ọmọ bá ń wẹ̀ tàbí tó ń ṣeré nínú odò. Asẹ́ omi mímu kò lè dá a dúró. Ọmọ tó bá ní i nílò oògùn, kí ẹ sì kàn sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Asẹ́ yẹn kò sì mú kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kúrò nínú omi. Ẹ ní kí wọ́n sè é.

Ìwádìí Ifẹ̀, àti ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn

Kò sí ìwádìí ẹ̀kọ́ kan tó kan ọmọ Yorùbá tó èyí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé St Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Kíláàsì kejì ṣe bí a ti ń ṣe níbi gbogbo: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Bí olùkọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún òbí, òbí kò ní gbà. Ohun tó rọrùn láti gbà ni pé bí ọmọ bá tètè bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí fi wúlò: ó ń dán ohun tó dà bí òótọ́ lójú wò. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Àwọn ará Ifẹ̀ kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ìwé tó kàn ń sọ Yorùbá nítorí pé olùkọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, tí kò ní ìwé Yorùbá kankan, kò ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́.

Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè ìbílẹ̀ ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí, nítorí ọdún mẹ́ta kò tó láti tẹ ìwé, kí a má tíì sọ ti dídá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ Ìdèrè kò lè yí ìlànà Àbújá padà, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ohun méjì tí èsì Ifẹ̀ tì lẹ́yìn. Bí kókó ẹ̀kọ́ kan bá le, ẹ jẹ́ kó yé ọmọ ní Yorùbá yékéyéké kí ẹ tó fún un ní orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù láàárín yín máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ gba ẹ̀kọ́ mìíràn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ dán an wò: kíkà ní ìpele ọmọ

Ká ní ìbéèrè yín ni ti àwọn ọmọ Prámárì 4 tí kò lè kàwé. Ìwádìí tó pọ̀ wà lórí èyí láti Íńdíà, níbi tí ẹgbẹ́ Pratham ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀nà náà kò le. Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sí apá kan, ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá sí apá kejì, ìpínrọ̀ onílà mẹ́rin sí apá kẹta, ìtàn kúkúrú sí ìsàlẹ̀. Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ igi níta kí àwọn yòókù má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀. Bó bá kà á, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí ọmọ kan. Ẹ kọ ibi tó dúró sí.

Ẹ wá pín wọn nípa ibi tí wọ́n dúró, kì í ṣe nípa kíláàsì. Ọmọ Prámárì 5 tó ṣì wà ní lẹ́tà á jókòó pẹ̀lú ọmọ Prámárì 3 tó wà ní lẹ́tà. Wákàtí kan lóòjọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún èyí, kí gbogbo olùkọ́ gba ẹgbẹ́ kan, kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì wọn lẹ́yìn wákàtí náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ tún bébà yẹn lò, kí àwọn tó bá ti gòkè bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn.

Ẹ fetí sí ibi tí ó ti kùnà, nítorí èyí ló ṣe pàtàkì jù fún yín. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà kan, ìjọba kàn dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún wọn ní ìwé, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Kò sí ohun tó yí padà, olùkọ́ padà sí síléébù. Ní Haryana, níbi tí wọ́n ti ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lórí táìmù tébù, tí alábòójútó sì ń wá wò ó, àwọn ọmọ tẹ̀ síwájú. Torí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà yín, ẹ bá alábòójútó ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wákàtí náà wọ táìmù tébù. Láìsí èyí, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìlú yín gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Guyer rí i pé ọjà oúnjẹ Ìbàdàn tó ń gbòòrò ló ń fa oko Ìdèrè, pé katakata ti wọ oko, pé àwọn obìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ dá oko tẹ́lẹ̀ ti ń dá tiwọn. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ Prámárì 6 tàbí àwọn ọmọ JSS, kí ẹ ní kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà wọn: nígbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ oko tiyín? Kí lẹ kọ́kọ́ gbìn? Ta ló kọ ebè fún yín? Ta lẹ tà á fún? Kí wọ́n kọ ìdáhùn wá, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni ẹ̀kọ́ gan-an wà.

Nígbà tí táàmù bá parí

Ẹ tún rẹ́jístà ṣí, ẹ tún bébà ìwé kíkà gbé jáde, ẹ wo ohun tó yí padà. Bí kò bá yí padà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi èsì tí kò dára pamọ́ ti jẹ́ kí ẹlòmíràn tún ṣòfò táàmù kan. Ẹ kọ ìbéèrè yín, ohun tí ẹ kà, ohun tí ẹ ṣe, iye àwọn ọmọ, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí sí ojú ìwé kan tàbí méjì. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ní Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ fún ọ̀gá àgbà ní ẹ̀dà kan, ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kí ẹ sì gbé ẹ̀kẹta lọ sí Láǹlátẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n lè gbé yín lọ sí ilé-ìwé mìíràn lọ́la. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó máa rọ́pò yín bẹ̀rẹ̀ láti òdo.